Sẹ́ńsọ̀ MAF tòkunbọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi pààrọ̀ nínú Corolla mi

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ni tó ń kánjú lè máa lọ: sẹ́ńsọ̀ MAF (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà) tòkunbọ̀ tí mo rà yìí ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Skúrù méjì péré ló mú un mọ́ àpótí fílítà afẹ́fẹ́, ẹni tó bá lè yí sikurudiráfà lè pààrọ̀ ẹ̀. Rírà ẹ̀ ni wàhálà wà.

Corolla 2005 ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìnnì 1ZZ, 1.8. Tí mo bá wà nínú gosló Pánsẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta á máa gbọ̀n, nígbà míì á kú. Tí mo bá wá sọdá afárá Lafẹ́nwá tí mo ń gòkè bọ̀ ní Sápọ̀n, màá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, mọ́tò ò ní lọ, ọ̀kadà ń kọjá mi, maruwa ń kọjá mi, ẹ sáà wo ìtìjú. Epo ńkọ́? Ńṣe ló ń fà á bí ẹni tó jẹ gààrí gbígbẹ tó ń wá omi, torí mo gbọ́dọ̀ tẹ tọ́tù ju bó ṣe yẹ lọ kó tó rìn.

Mẹ́káníìkì ní púlọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó tún ní fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù ni, mo ní rárá o ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mọ́tò. Mo ki scanner kékeré oní-Bluetooth, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe mọ́tò, bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó gbé code àṣìṣe méjì, P0101 àti P0171, jáde lórí fóònù mi. Èkíní ní ohun tí MAF ń sọ ò bára mu, èkejì ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ.

Wáyà tín-ín-rín kan ló wà nínú sẹ́ńsọ̀ yẹn tí iná ń mú gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà máa ń fẹ́ ẹ tutù, kọ̀ǹpútà mọ́tò á wá wo iye iná tí wáyà ń jẹ kó tó lè wà ní gbígbóná, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó àti iye epo tí nọ́sù máa tú síbẹ̀. Tí eruku ọyẹ́ àti ti ojú títì tí ò lọ́dà bá ti bò ó, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ á wọlé, òun á máa sọ pé díẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà sì máa gbà á gbọ́.

Mo kọ́kọ́ fín MAF cleaner sí i (kì í ṣe pẹtiróòlù o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì, ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà inú ẹ̀), ara ẹ̀ yá díẹ̀, ó tún padà síbi tó wà. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, AC pípa, kò kà ju gíráàmù 1.1 lọ ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì 1.8 yẹ kó súnmọ́ 2. Fuel trim, ìyẹn iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un nínú ọgọ́rùn-ún, ti gun 22, ó yẹ kó má ju 10 lọ. Mo tẹ tọ́tù títí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ní 2500 RPM, fuel trim ò wálẹ̀. Tó bá jẹ́ páìpù kan tó lu ló ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́bùrú ni, ì bá wálẹ̀ níbẹ̀.

Mo gba Ọbàntòkó lọ, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ta páàtì tòkunbọ̀. Mo ní, "Ẹ kú ọjà sà, MAF Corolla ńkọ́?" Bàbá wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé tuntun lo fẹ́ ni àbí èyí tó máa ṣiṣẹ́?" Ẹ̀rín pa mí. Tuntun wà nínú páálí tó ń dán, mo fi àtàǹpàkò ra orúkọ ara ẹ̀, ó ń pa rẹ́. Tòkunbọ̀ dọ̀tí, àmọ́ Denso, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti nọ́ńbà páàtì 22204-22010 hàn gbangba lára ẹ̀, owó ẹ̀ sì ju ti tuntun lọ.

Bàbá gbà kí n dán méjèèjì wò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ pa mọ́tò, ẹ tẹ etí sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà kẹ́ ẹ fà á, ẹ tú skúrù méjèèjì, ẹ fà á jáde ní gbọọrọ. Tuntun yẹn ń kà 1.4, ó fò lọ sí 3, ó tún di 2.6, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tẹ tọ́tù! Tòkunbọ̀ dúró sí 2.0 gbagidi. Mo pa code rẹ́, mo wà á lọ sí Àdátán kí n tó padà wá sanwó, fuel trim ti wálẹ̀ sí 4, gbígbọ̀n ti tán.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára ẹ̀ ò ju rọ́bà róbótó ìdí ẹ̀ lọ, ó ti gan, mo bá yọ ti àtijọ́ fi síbẹ̀, torí tí ibẹ̀ bá ń fa afẹ́fẹ́ ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà míì. Lẹ́yìn ìdúnàádúrà, iye tí mo san ò ju owó epo ìdajì táńkì lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti sanwó tẹ́ ẹ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, bàbá ò ní gbà á padà, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú ara mi, torí náà ẹ mú scanner dání, kẹ́ ẹ sì yọ tiyín lọ kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà.