Àpò Yúríà: Ó Wúlò Lóko, Ó Wúlò Ní Kíláàsì Kẹ́mísìrì

Yúríà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ajílẹ̀ oníhóró funfun tí àwọn àgbẹ̀ máa ń fi sídìí àgbàdo. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, ilé-ìwé wa sì ní oko. Lóko, ó dára gan-an tí a bá mọ̀ ọ́n lò. Ní kíláàsì, mi ò tíì rí nǹkan olówó pọ́ọ́kú mìíràn tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náítrójìn tètè yé ọmọ tó o.

Ara àpò ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ 46% N síbẹ̀ (N ni náítrójìn), èmi á sì ní kí àwọn ọmọ ṣírò ó wò. CO(NH₂)₂ ni àmì kẹ́míkà yúríà; ìwúwo átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ nìyí: kábọ́ọ̀nù 12, ọ́síjìn 16, náítrójìn méjì 28, háídrójìn mẹ́rin 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60. Ẹ fi 60 pín 28, ẹ ó rí nǹkan bí 46.7%. Náítrójìn 23 kg ló wà nínú àpò 50 kg nìyẹn. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 (15% náítrójìn) tó wúwo bákan náà, 7.5 kg péré ló ní. Àmọ́ NPK ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀tásíọ̀mù tí yúríà kò ní rárá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ọmọ tó bá ń ronú á bi yín pé: ṣebí ẹ ní náítrójìn ni 78% afẹ́fẹ́, kí ló dé tí àgbàdo kò kúkú gbà á níbẹ̀? Náítrójìn inú afẹ́fẹ́ máa ń so pọ̀ ní méjì-méjì, ìdè mẹ́ta ló so átọ́ọ̀mù méjèèjì pọ̀, bíi 945 kJ agbára ló sì ń gbà kí ìdè inú móòlù kan rẹ̀ (28 g) tó já. Apá àgbàdo kò ká a. Bakitéríà inú kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà lè ṣe é. Ní ti ọmọ ènìyàn, Fritz Haber, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ dá ní 1909, Carl Bosch sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá ní Oppau, ní Jámánì, ní 1913: náítrójìn pẹ̀lú háídrójìn, ooru bíi 450°C, ìfúnpá bíi ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ (200 atm), irin tó ń mú iṣẹ́ yá, amóníà á jáde. Amóníà yìí àti CO₂ ni wọ́n fi ń ṣe yúríà, wọ́n sì ń ṣe é ní Elémè àti ní Lẹ́kí lónìí.

Ẹ da ṣíbí yúríà mélòó kan sínú ife omi, kí ọmọ kan di ife náà mú, kó máa rò ó. Ife á tutù mọ́ ọn lọ́wọ́, torí pé bí yúríà ṣe ń yọ́ ló ń gba ooru lára omi. Àwọn ọmọ á máa du ife náà mọ́ra wọn lọ́wọ́! Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bu yúríà gbígbẹ díẹ̀ sínú túùbù, kí ẹ yá a níná. Á yọ́, á máa hó, òórùn ilé ìtọ̀ á sì gba imú wọn. Ẹ gbé bébà lítímọ́ọ̀sì pupa tí ẹ ti fi omi rin sẹ́nu túùbù, á di búlúù: amóníà nìyẹn.

Lóko, ewé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Tí náítrójìn bá wọ́n àgbàdo, ewé àgbà á pọ́n láti ṣóńṣó wá sí àárín, torí pé igi náà ń kó èyí tó wà lára rẹ̀ lọ fún ewé tuntun. Tí yúríà bá débẹ̀ tí òjò sì rọ̀, ewé tó ń jáde á dúdú minimini.

Àléébù rẹ̀ ni pé tí ẹ bá dà á sílẹ̀ gbayawu, ó ń di amóníà, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré tó jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi, ẹ bu yúríà sí i, ẹ bò ó. Ó tún ń fa omi mọ́ra. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ti rà á ti tú àpò sílẹ̀, wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n, ó sì ti dì gbagidi. Owó oko wa ló bá a lọ. Àpò tí okùn ẹnu rẹ̀ kò tíì tú ni kí ẹ rà fún oko. Fún kíláàsì, èyí tó dì náà ń ṣiṣẹ́, kóńgò kan sì tó lò pẹ́. Ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí líle, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i lára, torí ó jọ ṣúgà lójú ọmọdé.