Connie tó wà ní JFK: kẹ́ ẹ tó gun àtẹ̀gùn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí i po

Ẹni tó bá ń dúró de bàálù fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York, ó níbi tó lè lọ tó sàn ju kó máa sùn lórí ẹrù lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì TWA ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Terminal 5; orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà kan tó ti kógbá wọlé ni TWA. Lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì náà, níta gbangba, ni wọ́n gbé bàálù Lockheed L-1649A Starliner kan kalẹ̀ sí, tí wọ́n sọ inú rẹ̀ di ilé ọtí. Bàálù ọdún 1958 ni, N8083H ni nọ́ńbà rẹ̀. Constellation ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Connie ni gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é.

Ká sọ èrò wa síwájú ná. Tó bá jẹ́ ti ọtí nìkan ni, ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kún ìgboro New York. Bàálù yẹn gan-an lẹ wá wò. Starliner 44 péré ni Lockheed ṣe, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù láyé, kò sì sí ìkankan nínú mẹ́rin náà tó ń fò. Ohun tó ń dunni ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn á gun àtẹ̀gùn lọ tààrà, wọ́n á jókòó, wọ́n á ya fọ́tò gíláàsì ọwọ́ wọn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ìta ni iṣẹ́ ọwọ́ wà o.

Àtidé ibẹ̀ kò le. AirTrain tó ń gbé èèyàn láti tẹ́míná kan dé òmíràn nínú pápákọ̀ kì í gbowó. Ibùdó Jamaica àti ti Howard Beach ni wọ́n ti ń gba owó. Ẹ sọ̀ ní Terminal 5, ẹ tẹ̀ lé àmì hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ máa gba ọ̀nà gígùn funfun kan tí ògiri rẹ̀ ká bí ọ̀pá, tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí. Ọ̀nà yìí ló já sínú gbọ̀ngàn TWA tí Eero Saarinen yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1962 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ẹ má tíì jókòó síbẹ̀. Ẹ kọjá sẹ́yìn, ẹ bọ́ síta, Connie ló máa kí yín.

Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ gbọ́dọ̀ rántí ohun kan: ẹ̀yìn ìmígíréṣọ̀n àti kọ́sítọ́ọ̀mù ni hòtẹ́ẹ̀lì yìí wà. Ẹ ní láti wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà yín, kẹ́ ẹ sì tún gba ibi àyẹ̀wò padà wọlé. Bí àyè tó wà láàárín ọkọ̀ méjì kò bá tó wákàtí márùn-ún, ẹ má dán an wò. Ẹ mú páàsípọ́ọ̀tì dání títí dé ẹnu báà, torí òfin New York ni pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ ra ọtí, ẹni tó sì ní irun funfun lórí náà, wọ́n lè ní kó fi káàdì hàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yí i po.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìrù mẹ́ta lẹ máa rí. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n ṣe, kó tó lè tọ́ bàálù tó tóbi báyìí sọ́nà, ì bá ga ju ẹnu ilé tí wọ́n ń tọ́jú bàálù sí nígbà náà lọ. Wọ́n pín in sí mẹ́ta kó lè wọlé. Ẹ wá máa fojú bá ara rẹ̀ lọ síwájú. Kò tọ́ níbì kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, imú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gùn púpọ̀, nítorí náà bàálù ní láti ga kúrò nílẹ̀; bí wọn ò bá tẹ imú náà sílẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ì bá tún gùn jù báyìí lọ, ẹsẹ̀ gígùn sì máa ń wúwo, kì í sì í lágbára tó. Ẹwà tí gbogbo ayé ń yìn yẹn ló sọ ọ́ di bàálù tó wọ́n láti ṣe. Òrùka irin tó gbé ara rẹ̀ dúró kì í bára wọn dọ́gba, kálukú ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti fà wọ́n gùn nígbà tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ fi ìjókòó kún un.

Apá rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ láàárín ìdílé. Super Constellation tó ṣáájú rẹ̀ ní apá tó fẹ̀ tó mítà 37.5 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Ti Starliner jẹ́ mítà 45.7, apá tuntun pátápátá ni, ó tín-ín-rín, ó sì tọ́. Wọ́n sún ẹ́ńjìnnì jìnnà sí ara bàálù kí ariwo má baà pa èrò, epo tó ń gbà sì pọ̀ gan-an. Ní October 1957, Starliner TWA kan gbéra ní London, kò balẹ̀ níbì kankan títí tó fi dé San Francisco, wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 19 ló lò lójú òfurufú. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì onípísítìnì ló ṣe èyí, irú èyí tó nílò púlọ́ọ̀gì.

Púlọ́ọ̀gì náà ńkọ́? Ẹ dúró níwájú ẹ́ńjìnnì kan kẹ́ ẹ gbójú sókè. Wright R-3350 Turbo-Compound ni, mẹ́rin ló wà lápá méjèèjì. Sílíńdà 18 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n yípo ní ìlà méjì, mẹ́sàn-án níwájú, mẹ́sàn-án lẹ́yìn. Àyè inú sílíńdà wọ̀nyí lápapọ̀ jẹ́ lítà 55; ti Corolla tó kún títì Èkó kò tó 2. Agbára ẹṣin 3,400 ni ẹ́ńjìnnì kan ń mú wá. Sílíńdà kan ń lo púlọ́ọ̀gì méjì, ìyẹn 36 fún ẹ́ńjìnnì kan, 144 fún odindi bàálù. Epo ìgbà náà ní òjé nínú dáadáa, òjé yìí ló sì ń lẹ̀ mọ́ ẹnu púlọ́ọ̀gì tí kì í jẹ́ kó taná mọ́. Ní Connie, èyí kì í ṣe ìṣòro ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Ibi tí ọgbọ́n àti wàhálà ti pàdé ni ọ̀nà èéfín. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, èéfín gbígbóná tó ń jáde, òfò ni. Wright fi tọ́báìnì mẹ́ta, ìyẹn kẹ̀kẹ́ eléwé, sí ọ̀nà èéfín ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Èéfín á máa yí wọn, wọ́n á sì dá agbára náà padà sára kíráǹkì, irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀. Láìfi epo kún epo, agbára ẹṣin tó lé ní 400 ló ń wọlé lọ́nà yìí. Ooru ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí ara rọ ẹnikẹ́ni. Fáàfù èéfín á jó, sílíńdà á sán, ọ́ìlì á máa jò, awakọ̀ á wá pa ẹ́ńjìnnì náà kó má baà gbiná. Ìdí nìyẹn táwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ayé àtijọ́ fi ń fi Connie ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta tó dáa jù láyé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni o, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́.

Àtitan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ni. Bí ẹ́ńjìnnì báyìí bá ti dúró fún wákàtí díẹ̀, ọ́ìlì á ti ṣàn sínú àwọn sílíńdà ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì kì í ṣe afẹ́fẹ́, kò ṣeé fún pọ̀. Bí wọ́n bá kàn taná sí i báyẹn, písítìnì á kọlu ọ́ìlì, rọ́ọ̀dù tó gbé e á tẹ̀, ó lè má tiẹ̀ hàn lọ́jọ́ yẹn, ojú òfurufú ló ti máa já lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi sítátà yí abẹ̀bẹ̀ láìtíì taná, ẹnì kan á máa ka ewé abẹ̀bẹ̀ tó ń kọjá. Bó bá dúró lójijì, wọn kì í fi tipátipá yí i. Wọ́n á tú púlọ́ọ̀gì sílíńdà ìsàlẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ọ́ìlì jò tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wà nísàlẹ̀ Connie JFK yìí tẹ́ ẹ ń wo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tí kò ní yí mọ́ láé, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìtàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dùn tó ẹwà rẹ̀. Ọdún tí TWA gbà á gan-an ni ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì Boeing 707 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjà Connie sì bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di akẹ́rù, ó sìn dé Alaska, wọ́n gbé e lu gbàǹjo ní 1979 ní 150 dọ́là. Ẹ kà á dáadáa, 150. Wọ́n ní ó tiẹ̀ ṣe fàyàwọ́ igbó nígbà kan. Ó wá dúró ní Auburn, ní ìpínlẹ̀ Maine, fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú yìnyín àti òjò. Lufthansa ti Jámánì rà á mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 2007 torí wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan padà sójú òfurufú. Èyí ni wọ́n ń yọ páàtì lára rẹ̀. Ní 2018 wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn tó ni hòtẹ́ẹ̀lì rà á, wọ́n tún un kùn, wọ́n fi tírélà gbé e lọ sí New York, wọ́n tiẹ̀ gbé e sí Times Square ní March 2019 kó tó dúró síbi tó wà báyìí. May 15, 2019 ni hòtẹ́ẹ̀lì ṣí.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ má retí bàálù tó pé. Kẹ́ni tó ń wá páàtì àtètèkọ́ṣe má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Àwọ̀ pupa àti funfun TWA tó wà lára rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tuntun, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ìta ló wà: òjò, yìnyín, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ Jamaica Bay tí kò jìnnà. Álúmínọ́ọ̀mù kì í fẹ́ iyọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìdè irin abẹ́ ikùn rẹ̀. Ibẹ̀ wà lára ibi tí ìpata ti máa ń kọ́kọ́ yọ lára bàálù, tí ọ̀dà á máa wú bíńtín bíńtín.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kan inú. Ọ̀nà àárín rẹ̀ tóóró, ẹni méjì tó gbé gíláàsì dání á ní láti fara nu ara wọn kọjá. Ilé ọtí kékeré ni, bó bá ti kún, ó kún náà nìyẹn, wọ́n sì máa ń yá a fáwọn tó fẹ́ ṣe ayẹyẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó jáde nílé bóyá ó ṣí lọ́jọ́ yẹn. Owó ọtí, owó pápákọ̀ òfurufú ni, ẹ sì fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ẹni tó gbé e wá, àṣà ibẹ̀ nìyẹn. Bí ebi bá ń pa yín, inú gbọ̀ngàn ni kẹ́ ẹ ti jẹun.

Ibi tẹ́ ẹ máa lọ nínú rẹ̀ ni iwájú, yàrá awakọ̀. Ojú gíláàsì rẹ̀ kéré, ó sì pọ̀. Awakọ̀ méjì ló jókòó síwájú, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn èyí tó wà lápá ọ̀tún: àga ẹnjiníà inú bàálù nìyẹn. Òun ló ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, epo, ooru àti ọ́ìlì wọn. Àwọn Connie ìgbẹ̀yìn tiẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré tó dà bí tẹlifíṣọ̀n tó ń fi hàn án èwo nínú púlọ́ọ̀gì 144 yẹn ni kò taná dáadáa, tí yóò fi ti sọ fún mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó balẹ̀. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún á mọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi ń rẹni ju ti awakọ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, JFK kọ́ ló máa lọ. Ọsirélíà ni, ní HARS, ẹgbẹ́ tó ń tún bàálù àtijọ́ ṣe, ní Albion Park, níbi tí Super Constellation VH-EAG wà. 1955 ni wọ́n ṣe é fún àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló tún un ṣe, tí wọ́n sì fò ó dé Sydney ní February 1996. Epo tó lágbára tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún kò sí lọ́jà mọ́, nítorí náà wọn kì í fún un ní agbára rẹ̀ tán.

Àwa ará Nàìjíríà náà, ìdílé yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà ogun Biafra, Super Constellation ni Canairelief ti Kánádà fi ń kó oúnjẹ láti São Tomé lọ sí Uli lóru, láìtan iná, tí wọ́n ń balẹ̀ sórí títì mọ́tò. Ọ̀kan já lulẹ̀ ní August 1969, èèyàn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ló dáa jù láti ya fọ́tò ìrù mẹ́ta náà. Lásìkò òtútù wọ́n lè sọ ilẹ̀ yíká rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí yìnyín, àyè àtiyí i po á dín kù nígbà náà. Ẹ kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ́ ku wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ yín gbéra, kí AirTrain àti ìlà àyẹ̀wò tó gba tiwọn.