Ríra Ìpín Ilé-iṣẹ́ ní Abidjan láti Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ti BRVM, ọjà ìpín-ìdókòwò tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná owó séfà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ń lò, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń dé ọwọ́ oníbàárà tó ń gbé ní Àjàṣẹ́. Abidjan ni ọjà náà fìdí kalẹ̀ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, ó sì rọ́pò èyí tí Côte d'Ivoire ń dá ná tẹ́lẹ̀.

Oníbàárà kì í bá ọjà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Alágbàtà tó gba ìwé àṣẹ, tí gbogbo ènìyàn níbí ń pè ní SGI, ni yóò bá a rà tí yóò sì bá a tà. Èyí tí mo lò ní Kútọnu (n kò ní dárúkọ rẹ̀) gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀rí ibùgbé àti owó ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ṣí àpò ìpín fún mi. Láti ìgbà náà, mo lè jókòó sílé kí n ra ìpín Sonatel ti Sẹ̀nẹ̀gà, ti Onatel ti Burkina Faso, tàbí ti Bank of Africa ti Bẹ̀nẹ̀ tiwa yìí, láìpààrọ̀ owó rárá. Ìwé kankan kò tẹ̀ mí lọ́wọ́, nítorí orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ orúkọ onípìn-ín sí. Ní ti èyí, n kò rí àbùkù kan.

Owó iṣẹ́ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Alágbàtà gba tirẹ̀, ọjà gba tirẹ̀, owó ìtọ́jú àpò tún tẹ̀ lé e, débi pé ẹni tó bá ń ra díẹ̀díẹ̀ lè rí i pé owó iṣẹ́ ti jẹ èrè rẹ̀ tán. Faransé nìkan ni wọ́n sì fi kọ ìwé gbogbo. Ìyá oníṣòwò ní ọjà Ouando, tí owó ọwọ́ rẹ̀ lè ju ti akọ̀wé lọ, yóò ní láti mú ọmọ rẹ̀ dání.

Àléébù tó wúwo jù kì í ṣe ti alágbàtà. Nàìjíríà ni òwò Àjàṣẹ́ kọjú sí, ẹnubodè Ìgólò sì ni ọjà àpapọ̀ yìí parí sí. Ẹ wo Ecobank Transnational, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lómé: séfà ni wọ́n fi ń ra ìpín rẹ̀ ní Abidjan, náírà ní Èkó, sídì ní Accra. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ rà á ní Èkó ní láti tún wá alágbàtà mìíràn, kí ó ṣí àpò mìíràn, kí ó sì pààrọ̀ owó. Láti ọdún 2013 ni ìgbìmọ̀ WACMIC ti wà lẹ́nu síso àwọn ọjà wọ̀nyí pọ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé ó ń falẹ̀: kí ọjà Abidjan tó ṣí, àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti ń ná owó kan, wọ́n ti ní báńkì àpapọ̀ kan ní Dakar, wọ́n sì ti yan alábòójútó kan ṣoṣo fún ọjà. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí láàárín àwa àti Èkó.

Ẹni tí yóò bá lò ó, kí ó kọ iye tí ó fẹ́ san gan-an sínú àṣẹ rẹ̀, pàápàá fún ìpín tí ènìyàn kì í sábà rà, nítorí iye rẹ̀ lè fò sókè lójijì. Kí ó sì mọ̀ pé aago Abidjan fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa.