Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tún ìbọn afẹ́fẹ́ mi ṣe ní Ẹ̀pẹ́

Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì tí ń gba ọta mìlímítà 5.5 ni mo fi ń ṣọ́ oko àgbàdo mi ní ọ̀nà Ìtóìkín, nítorí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń hú irúgbìn jẹ. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń yà mí lẹ́nu: bí mo bá yìn ín láti mítà 10, ọta márùn-ún á kó ara wọn jọ sí ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, bí mo bá sún sẹ́yìn dé mítà 40, wọ́n á fọ́n ká bí àgbàdo tí a dà fún adìẹ. Mo ti gbà pé ihò ìbọn ti jẹ, kí n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà Ayétòrò.

Ohun tí ọ̀gá ibẹ̀ kọ́kọ́ sọ ni pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé àṣẹ yín.” Inú mi dùn sí i gan-an, nítorí òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ń pè é ní ohun ìṣeré.

Kò tú ìbọn náà. Ó bá mi lọ sí oko ní òwúrọ̀, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó dìde, ó fi àpò iyanrìn sórí tábìlì, ó lẹ ìwé mọ́ iwájú òkìtì ọ̀gán ńlá kan kí ọta má baà kọjá, ó sì ní kí n yìn ín bí mo ti máa ń ṣe. Ó ṣàlàyé pé bí ohun gbogbo bá dọ́gba, ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà 10 yẹ kí ó di bíi 8 ní mítà 40; tèmi ti kọjá 20, nítorí náà ohun mìíràn ń da ọta rú lójú ọ̀nà. Ó ní bí gbogbo ọta bá jọ ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan láìfọ́nká, irin tí ó di awò tí a fi ń wo ibi tí a fẹ́ yìn mú sórí ìbọn ni òun ì bá kọ́kọ́ fura sí.

Síkírú méjì tó di igi ìbọn mú ti dẹ̀. Ó fún wọn le, a tún yìn ín, ó sàn ní mítà 25 ṣùgbọ́n kò sàn ní 40. Ó wá mú ọta mi wò, ó sì mi orí. Ọta olórí pẹrẹsẹ ni, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tètè dá dúró, tí ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ó bá ti kọjá bíi mítà 25. Ó fún mi ní olórí róbótó mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ó kan ọwọ́ mi: mo ń di ìbọn mú pinpin, bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì ti ń mi ìbọn kí ọta tó jáde lẹ́nu rẹ̀, tí ọwọ́ líle sì máa ń gbé e síbi ọ̀tọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí n tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí n jẹ́ kí ó mì bí ó ti fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì ni mo fi mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́. Ó fi tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ibi tí a ń ki ọta sí, ó yìn ín, tíṣù náà kò mì: afẹ́fẹ́ kò jò níbẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ṣì dára. Ihò ìbọn tí mo ń dá lẹ́bi kò ní àléébù kankan. Nígbà tí a parí, ọta márùn-ún wọ ibi tí ìdérí agolo mílíìkì lè bò ní mítà 40.

Ẹ̀sùn mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìbọn náà fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ráyè bá mi lọ sí oko, kò sì fún mi ní ìwé kankan pé ó gbà á lọ́wọ́ mi, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń béèrè ìwé àṣẹ mọ ìwúlò rẹ̀. Kò sì ní ọta olórí róbótó fún títà; ọmọ mi ni ó lọ wá a rà ní ìgboro Èkó. Bí sípíríǹgì bá tó pààrọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó tún gbé e lọ, n ó sì gba ìwé kí n tó kúrò níbẹ̀.