Òru méjì nínú ilé ìsinmi tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀

Òru márùn-ún ni a sanwó ilé yìí fún, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì. Òru méjì péré la sùn níbẹ̀ tí a fi kó ẹrù wa jáde.

Ilé náà fúnra rẹ̀ kò burú. Yàrá rẹ̀ láyè, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ dáadáa. Àwòrán tí wọ́n fi polówó rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ilé yìí náà ni wọ́n yà. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yà á, ó sì jọ pé láti ìgbà náà, kò tún sẹ́ni tó wọlé wá wo ohun tó ti bàjẹ́.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, bíi ti aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ kó tó gbẹ. Ti ilé ìwẹ̀ kejì tún yàtọ̀: gọ́tà gan-an ló ń rùn níbẹ̀. Páìpù tó wà lábẹ́ ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ máa ń tẹ̀ kọrọdọ, omi díẹ̀ á dúró síbẹ̀ kí òórùn má baà gòkè. Bí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bá kọjá láìsẹ́ni tó lo omi, ibẹ̀ á gbẹ. Mo da omi korobá kan sí i, òórùn náà sì lọ. Korobá omi kan péré ni onílé kò rí ẹni rán láti dà síbẹ̀.

Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì wa ní ọ̀dà tuntun, inú mi sì kọ́kọ́ dùn sí i. Ìgbà tí mo fa bẹ́ẹ̀dì kúrò láti mú ṣájà tó já bọ́ ni mo rí i pé ọ̀dà náà ti wú, ó ń bó bí awọ ara, èbu dúdú sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ló wà lódìkejì ògiri yẹn. Omi ń jò, ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọmọ wa kékeré ní ikọ́ fée, kí ilẹ̀ tó mọ́, àyà rẹ̀ ti ń dún.

N kò ní bá wọn fa ọ̀rọ̀ àga tó kán àti gílóòbù tí kò tàn.

Mo ya fọ́tò ògiri náà, mo fi ránṣẹ́ sí onílé láàárọ̀. Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kó tó fèsì pé ká má bínú, pé àwọn tó dé ṣáájú wa kò ṣàròyé. Èsì yẹn dùn mí ju èbu náà lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni mo wá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín bá rú. Kò ké. Mo gun àga, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀: kò sí bátìrì nínú rẹ̀, eruku ti kún ojú ibẹ̀. Déètì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ti lé ní ọdún 10, bẹ́ẹ̀ ọdún 10 ló yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo lọ wo ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Gáàsì ló ń lò, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó kángun sí yàrá àwọn ọmọ ló wà, iná rẹ̀ sì pọ́n dípò kó jó búlúù. Iná gáàsì tó bá jó báyẹn lè jẹ́ pé kò rí afẹ́fẹ́ tó, ó sì lè máa tú carbon monoxide jáde, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó lè pa odidi ìdílé lójú oorun. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ilé náà tí ì bá kìlọ̀ afẹ́fẹ́ yìí fún wa. Mo pa á, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo jókòó ti àwọn ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Iléeṣẹ́ tó bá wa gba ilé náà dá owó òru mẹ́ta tó kù padà lẹ́yìn tí wọ́n rí àwọn fọ́tò. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, àmọ́ ìràwọ̀ kan ni mo fún ilé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, ẹ ka ohun tí àwọn tó sùn níbẹ̀ láìpẹ́ yìí kọ, kí ẹ sì bi onílé léèrè nípa ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ èéfín àti èyí tó ń kìlọ̀ carbon monoxide kí ẹ tó sanwó.

Kí a tó jáde, mo lẹ bébà mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ẹ̀rọ yìí. Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá onílé ti já a dànù.