Course Rating àti Slope Rating: Bí wọ́n ṣe ń ka òkè, omi àti ojú ọjọ́ sí iye pápá gọ́ọ̀fù

Ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ gba Sèmè kọjá lọ gbá gọ́ọ̀fù ní Èkó máa rí òǹkà méjì lórí káàdì pápá: ọ̀kan lè jẹ́ 71.4, èkejì 135. Course Rating ni àkọ́kọ́, Slope Rating ni èkejì. Àjọ gọ́ọ̀fù méjì, USGA ti Amẹ́ríkà àti R&A ti Scotland, ló ń ṣàkóso ìdíwọ̀n yìí lábẹ́ World Handicap System, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Handicap ni òǹkà tó ń fi ipele agbábọ́ọ̀lù hàn: bó bá ṣe kéré tó ni ẹni náà ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: iṣẹ́ náà dára gidigidi ní ti ilẹ̀. Ní ti ojú ọjọ́, pàápàá ojú ọjọ́ àwa tí a ní òjò àti ọyẹ́, ó ṣì kù díẹ̀ káàtó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn rò pé Slope ń sọ bí pápá ṣe le fún gbogbo ayé. Rárá o. Agbábọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ọ̀kan ni ọ̀jáfáfá tí handicap rẹ̀ jẹ́ 0, tí wọ́n ń pè ní scratch: tó bá jẹ́ ọkùnrin, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rẹ̀ ń dé 250 yáàdì, ìyẹn bíi 229 mítà, ó sì lè fi ìgbá méjì dé ihò tó jìn tó 470 yáàdì. Èkejì ni bogey, tí handicap tirẹ̀ tó bíi 20: 200 yáàdì ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dé, ìgbá méjì rẹ̀ kò sì kọjá 370. Fún obìnrin, scratch jẹ́ 210 àti 400, bogey jẹ́ 150 àti 280. Course Rating ni iye ìgbá tí wọ́n retí lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ nígbà tó bá gbá a dáadáa. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n retí lọ́wọ́ bogey, ẹ fi 5.381 sọ èyí tó kù di púpọ̀ fún ọkùnrin, tàbí 4.24 fún obìnrin, Slope nìyẹn. Ẹ mú pápá méjì tí Course Rating wọn jọ jẹ́ 72.0. Tí bogey bá jẹ́ 93.0 ní ọ̀kan, Slope rẹ̀ á jẹ́ 113, òǹkà tí wọ́n mú ṣe ìpìlẹ̀. Tó bá jẹ́ 98.0 ní èkejì, á di 140. Ọ̀jáfáfá kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni ara máa ta.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka ilẹ̀ gan-an la fẹ́ràn jù. Gígùn orí páálí kò tó fún wọn. Wọ́n á wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí lórí ilẹ̀, ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́, ibi tí ọ̀nà ti yà tàbí tí nǹkan dínà tó fi di dandan kéèyàn gbá kúkurú, àti bí ìlú náà ṣe ga sí lókè òkun. Àwọn ilẹ̀ wa á jẹ́ kó yé yín. Tí pápá bá wà lórí àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ, ihò tó ń gòkè á gùn ju mítà rẹ̀ lọ, ibi tí ẹsẹ̀ kan ti ga ju èkejì lọ nígbà ìgbá náà sì ní òǹkà tirẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa Kétu nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á le, bọ́ọ̀lù á yí jìnnà. Létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, afẹ́fẹ́ àti omi ló máa jọba. Ti gíga lókè òkun kò kàn wá, nítorí ó di ìgbà tí pápá bá ga ju 2,000 ẹsẹ̀ lọ kí wọ́n tó kà á, bíi 610 mítà.

Lẹ́yìn gígùn, ohun ìdíwọ́ ló kàn, wọ́n sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà láti 0 dé 10. Àwọn tó ń díwọ̀n kì í fojú wò kí wọ́n sọ pé ihò yìí le. Wọ́n á lọ sí ibi tí bọ́ọ̀lù scratch máa balẹ̀, wọ́n á wọn fífẹ̀ fairway, ọ̀nà tí koríko rẹ̀ kúrú, níbẹ̀ àti bí igi àti kòtò iyanrìn ṣe súnmọ́ ọn sí, kí wọ́n tó lọ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ti bogey. Wọ́n á wọn koríko gíga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n á fi Stimpmeter, ọ̀pá aluminium tí bọ́ọ̀lù ń yí gba inú rẹ̀, wo bí orí green, ibi tí koríko ti kúrú jù yí ihò ká, ṣe ń yá tó. Nítorí pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún scratch àti bogey lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, omi kan náà ń ní òǹkà méjì. Omi tó gba kí bọ́ọ̀lù fò ju 160 mítà lọ kì í ba scratch lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó lè gba gbogbo agbára bogey. Kódà ìbẹ̀rù ọkàn wà nínú ìṣirò, wọn kò sì fi í sílẹ̀ fún èrò ẹnikẹ́ni: ara òǹkà àwọn ìdíwọ́ yòókù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ibí yìí ni a gbóṣùbà fún wọn jù lọ.

Wàyí o, ojú ọjọ́. Bí pápá ṣe máa ń rí ní àkókò tí àwọn èèyàn ń gbá jù ni wọ́n fi ń díwọ̀n, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Àkókò kan ṣoṣo nìyẹn. Nígbà òjò, ilẹ̀ á rọ̀, bọ́ọ̀lù á rì síbi tó balẹ̀ sí, koríko ẹ̀gbẹ́ á ga ju ti ọjọ́ ìdíwọ̀n lọ. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ni PCC (Playing Conditions Calculation), ìṣirò tó ń fi ohun tí àwọn èèyàn gbá lọ́jọ́ náà wé ohun tí wọ́n retí, tó sì ń tún un ṣe láti −1 dé +3. Ọgbọ́n dáadáa ni, àmọ́ ó nílò ó kéré tán èsì èèyàn mẹ́jọ tí handicap wọn kò ju 36.0 lọ. Ní ẹgbẹ́ kékeré tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń gbá lọ́jọ́ Tuesday, PCC kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ẹni tó gbá nínú ẹrẹ̀ àti ẹni tó gbá lórí ilẹ̀ gbígbẹ á jọ gba ìdájọ́ kan náà. A kò lè fojú fo èyí.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe ni kí wọ́n máa gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sí gíga tí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n sì gba òfin tó jẹ́ kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù, nù ún, kó tún un gbé kalẹ̀ lórí fairway nígbà ẹrẹ̀. Èsì ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wọlé fún handicap. Tí wọ́n bá gbin igi tuntun tàbí gbẹ́ kòtò iyanrìn tuntun, kí wọ́n pe àwọn tó ń díwọ̀n padà, kí wọ́n má dúró de ọdún kẹwàá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbá: kí ẹ tó mọ iye ìgbá àfikún tí ẹ ní lórí pápá kan, ẹ fi Slope sọ Handicap Index yín (òǹkà handicap tí ẹ ń gbé kiri) di púpọ̀, ẹ fi 113 pín in, ẹ wá yọ par (iye ìgbá tí wọ́n yàn fún pápá náà) kúrò nínú Course Rating, kí ẹ fi èyí tó jáde kún un; tí par bá ju Course Rating lọ, yíyọ ni ẹ máa yọ ọ́. Ẹni tí Index rẹ̀ jẹ́ 18.0, lórí pápá 71.4, Slope 135, par 72, máa rí 21.5, tó bá yọ 0.6 kúrò, ó di 20.9, ìyẹn ìgbá 21. Kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí òru ni wọ́n ń ṣírò PCC, èsì tó bá dé lọ́jọ́ kejì kò sí lára mẹ́jọ náà.