Sátidé Mẹ́ta Lórí Ìdámẹ́wàá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Sátidé mẹ́ta léraléra ni mo fi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ìdámẹ́wàá, èyí tí ìjọ kan ṣètò ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, yálà ó jẹ́ ọmọ ìjọ wọn tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé tí a ń ṣe ìṣirò sí nìkan ni a san ₦2,000 fún. Mo ń ta gaàrí ní ọjà Òkè-Ajé, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàgámù, nítorí náà ọ̀nà méjì ni owó ń gbà wọ ilé wa, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń jiyàn lórí iye tí ó yẹ kí á yọ sọ́tọ̀ lára èyí àti lára ìyẹn.

Sátidé àkọ́kọ́ ni mo yìn jù. Olùkọ́ wa, bàbá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìṣirò owó, kò fi Málákì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníwàásù ti máa ń ṣe. Diutarónómì 14:22 ni ó ṣí, níbi tí a ti pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n dá ìdámẹ́wàá ìbísí irúgbìn tí ó ń ti oko wọn wá lọ́dọọdún, ó sì bi àwa ọlọ́jà léèrè pé: nínú owó tí ẹ kó dé láti ọjà, èwo ni irúgbìn, èwo sì ni ìbísí? Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára, nítorí pé ní ìjọ tí mo wà tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé gbogbo owó tí ó bá ti wọ apò ọlọ́jà ni kí ó dá ìdámẹ́wàá rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan sínú ìwé náà: mo ta ọjà ₦300,000, mo ra gaàrí ní ₦252,000, mo san ₦12,000 fún ọkọ̀, mo sì san ₦6,000 fún àwọn aláàárù àti owó ọjà. Èrè mi jẹ́ ₦30,000. Bí mo bá dá ìdámẹ́wàá gbogbo ohun tí mo tà, ₦30,000 náà ni, kò sì ní ku kọ́bọ̀ nínú èrè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo ń yáwó kún owó òwò, tí mo sì rò pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó.

Olùkọ́ wa dáhùn ìbéèrè ojoojúmọ́ pẹ̀lú sùúrù. Owó àjọ tí a kó kì í ṣe owó tuntun, nítorí pé owó tiwa tí a ti dá ìdámẹ́wàá rẹ̀ nígbà tí ó wọlé ni ó padà wá. Owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbèsè ni. Obìnrin kan béèrè nípa owó aṣọ régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, tí a ń dá de ọdún Ojúde Ọba, bàbá sì fèsì pé ìnáwó ara ẹni ni ìyẹn, kì í ṣe owó tí òwò ná kí ó tó pa èrè, nítorí náà a kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kí á tó ka ìdámẹ́wàá. Mo fara mọ́ ìdáhùn náà.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ oṣù ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní ẹni tí ó bá dá ìdámẹ́wàá lórí owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì kò jẹ ohunkóhun mọ́ nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá dé. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá 8%, agbanisíṣẹ́ sì ń dá 10% sí i, èrè sì ń gun orí àpapọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Òṣìṣẹ́ náà kò tí ì dá ìdámẹ́wàá 10% náà àti èrè rẹ̀ rí. Ọkọ mi béèrè, wọ́n sì ní kí ó gbàdúrà sí i. Ìdáhùn tí ó ní ìṣirò nínú ni ó yẹ ẹ.

Sátidé kejì dá lórí àríyànjiyàn àwọn Kristẹni fúnra wọn, wọ́n sì ṣe é láìṣe ojúsàájú. Wọ́n ka Mátíù 23:23 fún àwọn tí ó gbà pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣì múlẹ̀, wọ́n sì ka Kọ́ríńtì Kìíní 16:2 àti Kọ́ríńtì Kejì 9:7 fún àwọn tí ó gbà pé kí olúkúlùkù fi sílẹ̀ bí Ọlọ́run ti ṣe rere fún un àti bí ó ti pinnu ní ọkàn rẹ̀, ì báà dín sí ìdámẹ́wàá tàbí kí ó jù ú lọ. Wọn kò fi ègún dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ó dùn mí pé Sátidé kẹta kò gùn. Diutarónómì 14:28-29 ní kí ìdámẹ́wàá ọdún kẹta jẹ́ oúnjẹ fún ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó. Opó mẹ́ta ni ó sì jókòó láàárín wa lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n lò lórí rẹ̀. Ìwé náà pẹ̀lú ní àbùkù: tábìlì ìṣirò owó oṣù ló kún inú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì fa ìlà ti ọjà mi sí.

Ẹni tí ó bá ń ṣòwò ni mo gbà níyànjú jù lọ láti lọ, kí ó sì mú ìwé ọjà ọ̀sẹ̀ kan dání, pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Ní ilé wa, ₦3,000, ìdámẹ́wàá èrè mi, ni mo fi sínú àpòòwé ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo sì fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí opó kan ní òpópónà wa, láti inú èrè tí ìdámẹ́wàá ì bá ti gbé lọ tẹ́lẹ̀.